Káàkí Tí Mo Wọ̀ Lọ sí Tube

Ìlaròó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àkọ́bí mi,

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi tí kì í ṣe tèmi. Tìrẹ ni. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Wọ́n fi rán mi sí ọ, n kò sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ò fi tẹrú jẹ́ ẹ, n kò sì fi tọmọ jẹ́ ẹ. Inú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà nínú yàrá mi ni mo fi í pa mọ́ sí, mo sì ń kọjá lára ìwé náà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń kọjá lára ajá tó ti bù ú jẹ rí.

Jọ̀ọ́, má tíì sunkún, má sì tíì pe ìyá rẹ. Ó ti mọ̀. Àná ni mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo, kò sì bú mi. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, ó gbé ẹ̀kọ tútù méjì ka iwájú mi, ó yí padà. Mo ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọbẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ lọ ṣe ìwádìí ibi tó wà."

Nítorí náà, bí o bá rí i pé ìwé yìí gùn, mọ̀ pé ebi wà lára ohun tó ń kọ ọ́.

Ìpè tí o pè mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló fà á. O ní ilé-iṣẹ́ yín ní Abẹ́òkúta ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń wádìí ènìyàn kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́. Inú mi dùn. O ní ṣùgbọ́n kí ìwọ náà tó jókòó sórí àga yẹn, wọ́n ní láti wádìí rẹ, èmi sì ni onígbọ̀wọ́ rẹ. O ní ẹni tí wọ́n rán wá sí Ìlaròó padà dé pẹ̀lú èsì pé: "Àwọn tí mo bá ní àdúgbò ní bàbá yìí ti kú. Ó ti pẹ́ díẹ̀." O rẹ́rìn-ín títí tí o fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ọ̀rọ̀ tó pa mí. O ní, "Bàbá, mo sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Mo ní bàbá mi kì í parọ́. Mo ní òun gan-an ló kọ́ mi ní ìwádìí, lọ́jọ́ tó lọ sí Tube nítorí mi."

Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò lọ.

Jẹ́ kí n wá sọ fún ọ bí ọjọ́ Tube ṣe rí gan-an. Ohun tí mo kà sétí ẹbí nígbà náà, ìdajì rẹ̀ ni.

O rántí ọjọ́ tí o mú Dàre wá sílé. Ẹ jọ parí ìwé ni. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ó ní ọmọ Tube lòun, bàbá òun ti kú, màmá òun ń yan gàrí tà. Nígbà tó jẹun tán, ó gbé àwo ara rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí omi ti kan àwo yẹn ni ìyá rẹ ti fi í ṣe ọmọ. Èmi ò fẹ́ ẹ. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun nìyí: mo ti yan ẹlòmíràn fún ọ nínú ọkàn mi, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ayétòrò, tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn, tó sì máa ń gbọ́ mi tán bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Tíṣà ni mí. Mo ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àna tó ń yan gàrí ní Tube kò sí nínú ètò tí mo ṣe.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde? Mo ní, "Àwọn baba wa kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí." Òótọ́ sì ni. Àwọn baba wa máa ń rán ìyá àgbà kan lọ sí ìlú ọkọ. Ìyá náà á lọ bí ẹni lọ kí ìbátan, á sùn, á jí, á bá wọn gé ilá, á bá wọn bẹ́ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó bá fi máa padà, á ti mọ ẹni tó ń lu ìyàwó, á ti mọ ẹni tó ń jalè, á ti mọ ẹni tí àrùn ń dà láàmú nínú ilé náà, kò sì ní tíì béèrè ìbéèrè kan. Èmi alákọ̀wé, n kò nílò ìyá àgbà. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo mú, mo mú bírò méjì, mo sì wọ káàkí mi.

O mọ káàkí yẹn. Òun ni mo máa ń wọ̀ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń yan lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ó ní àpò méjì láyà, ó ní bẹ́líìtì fífẹ̀, fìlà rẹ̀ sì máa ń dá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá rẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Níbo lẹ ń lọ tí ẹ múra bí ọlọ́pàá ayé òyìnbó?"

Mo ní, "Tube. Ó yẹ kí wọ́n rí mi kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni mí."

Ó ní, "Wọ́n á mọ̀."

Ohun tí mo gbàgbé, èmi tí wọ́n bí sí agbègbè yìí, ni pé ìlú ẹnubodè ni Tube, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni wọ́n ti bọ́dà. Kì í ṣe títì tí a wà nínú rẹ̀ lónìí o, èyí tó ṣáájú ni. Ọlọ́kadà tó gbé mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti gun ọ̀kadà rẹ̀. Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a wọ Tube, ó dúró lójijì. Ó ní, "Bàbá, ibí ni mo máa já yín sí. Mo níyàwó nílé." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ lóòótọ́. Mo ní kó bá mi kí i.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ni ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà. Ó dojú alùpùpù kan dé, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń kán lójú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

"Èmi? N ò ṣiṣẹ́ kankan o. Mo kàn jókòó ni."

"Mò ń wá ilé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàre."

"Kò sí Dàre níbí."

"Ọmọ ìyá tó ń yan gàrí."

"Kò sẹ́ni tó ń yan gàrí ní Tube."

Àbẹ̀kẹ́, bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀, òórùn gàrí tó wà lórí iná ń wọ̀ mí nímú.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí mo gbà pé ọkùnrin Ọlọ́run kò ní parọ́. Bàbá ìjọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo bẹ́líìtì mi, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ Dàre rí. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni pátákó dúdú kan wà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sí: "Ìdánrawò akọrin, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Olùdarí: Bùrọ̀dá Dàre." Mo na bírò mi sí i. Bàbá náà yíjú wò ó, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ pa á rẹ́ níṣojú mi, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ìyẹn."

Bí mo ṣe ń kúrò níbẹ̀, obìnrin mẹ́ta kan tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ pè mí. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe Múfú lẹ ń wá?"

Mo ní rárá, Dàre ni.

"Ẹ fi Dàre sílẹ̀. Múfú lẹ ń wá. Ilé ẹ̀ nìyẹn, èyí tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ó wà ńlé."

Èkejì ní, "Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà wọlé o, kó má baà sá."

Ẹ̀kẹta ti dìde, ó ti ń so ìró rẹ̀ le. Ó ní òun á sìn mí débẹ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi báyìí: "Múfú: gbajúmọ̀ ènìyàn. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fẹ́ kí àlejò rí i."

Òórùn gàrí ni mo tẹ̀ lé títí tí mo fi dé ilé màmá Dàre. Ó jókòó ti agbada, ó ń fi igbá ro gàrí, èéfín bò ó lójú. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá Dàre."

"Èmi kọ́ o. Èmi ò bímọ."

"Ẹ ò bímọ?"

"Ọlọ́run ò tíì ṣe é."

Ìyá náà á tó ọgọ́ta ọdún. Mo wo inú ilé láti ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò Dàre ńlá ló wà lára ògiri, ó wọ aṣọ àṣeyege, ó di ìwé-ẹ̀rí mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Ta wá ni ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn?"

Ó yíjú, ó wò ó pẹ́ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Bí mo ṣe ra férémù yẹn nìyẹn. Òun ló bá a wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ìyá tó bí i sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára."

Ìwé yẹn ni mo kà sétí ẹbí ní ọjọ́ Sátidé, kókó mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìparí. O jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Àbúrò mi Làmídì ń pàtẹ́wọ́, ó ń pè mí ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ní ẹni tí ìlú rẹ̀ kò mọ̀, ayédèrú ènìyàn ni. O sunkún. Lẹ́yìn náà o kúnlẹ̀, o ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ ti yọ mí." Ní ọjọ́ kejì o wọkọ̀ lọ sí òkè ọya, níbi tí o ti lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ ní àgùnbánirọ̀. O ò bá Dàre sọ̀rọ̀ mọ́.

Títí dé ibí yìí, òmùgọ̀ ni mo jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ò tíì dé. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Wọ́n ṣí bọ́dà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Dàre àti màmá rẹ̀ fi wá sílé wa. Ìyá rẹ wà ní Èkó lọ́dọ̀ àǹtí rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èmi nìkan ni mo wà ńlé. Bí màmá náà ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ náà.

"Háà! Ẹ̀yin náà lẹ wọ káàkí! Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo sẹ́ ọmọ mi nítorí yín, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run. A rò pé kọ́sítọ́ọ̀mù ni yín o."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni! Bí àlejò bá dé lásìkò tí bọ́dà wà ní títì, tó ń béèrè ènìyàn, ẹni tí a bá fẹ́ràn, a ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a ò bá fẹ́ la máa ń júwe ilé ẹ̀."

"Múfú ńkọ́?"

"Ẹ má dárúkọ olè yẹn níbi tí mo bá wà, Bàbá."

A jọ rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Mo rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Dàre jókòó sídìí tábìlì mi, ó fi bírò mi kọ lẹ́tà sí ọ, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ." Mo ní yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́, mo gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo rántí kókó mẹ́wàá mi. Mo rántí Làmídì tó ń pàtẹ́wọ́. Mo fojú inú wo ara mi níwájú ẹbí, tí mò ń sọ pé káàkí ni mo wọ̀ lọ sí ìlú ẹnubodè. Mo rí bí wọn yóò ṣe máa sọ ìtàn náà níbi gbogbo ìsọmọlórúkọ títí mo fi máa kú. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo fi lẹ́tà náà sáàárín rẹ̀, mo pa á dé. Ọ̀la yẹn ló di ọdún mẹ́rìndínlógún.

Dàre padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní o ò tíì fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́, ṣùgbọ́n fún odidi ọdún méjì ni màmá rẹ̀ ń fi gàrí ránṣẹ́. Gàrí pupa yẹn tí gbogbo yín ń gbóríyìn fún, tí mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìpókíá ló ń fi ránṣẹ́, ọwọ́ ìyá náà ló ti wá. Mo fi omi tútù sí i, mo fi ẹ̀pà sí i, mo sì mu ún. Àná, nígbà tí mo jẹ́wọ́ dé ibí yìí, ìyá rẹ yíjú sí mi. Ó wá ní, "Àní ẹ mu gàrí ọ̀hún?" Ó jọ pé èyí dùn ún ju ti lẹ́tà lọ.

Ọmọ Ayétòrò ńkọ́, tí mo yàn fún ọ? Ìwọ fúnra rẹ lo wádìí rẹ̀, o sì bá ìyàwó méjì ní Kútọnu. Láti ìgbà náà ni o ti ń wádìí gbogbo ọkùnrin tó bá kí ọ káàárọ̀. O ti di ẹni ogójì ọdún, o ní o ò tíì rí ẹni tí ìwádìí rẹ̀ pé. Wọ́n wá fi ọ́ ṣe olórí olùwádìí. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, wọ́n ní. Èmi da tèmi, ìwọ ni ó tọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Wàyí o, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gba àkísà mi, kí o fi nu àga tuntun rẹ kí o tó jókòó sí i.

Èkínní, bi ẹni tí o bá fẹ́ rán níṣẹ́ pé aṣọ wo ni yóò wọ̀ lọ. Ẹni tí o ń wádìí ń wádìí rẹ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ parí. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ yín rán wá síbí, ṣé o mọ bó ṣe wá? Ó gun alùpùpù, ó wọ awò dúdú, ó gbé fáìlì há abíyá, káàdì kan ń mì lọ́rùn rẹ̀, nínú oṣù tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń wọ ilé onílé nítorí ìrẹsì tó gba bọ́dà wọlé. Èmi àti Bàbá Ràímì tó ń gbé ní ọ̀gángán ilé wa wà nídìí máńgòrò, a ń ta ayò. Ó pe orúkọ mi lódindi, ó ní ṣé a mọ̀ ọ́n.

Bàbá Ràímì, tí a ti jọ ń gbé láti ogójì ọdún, kò gbójú kúrò lára ọmọ ayò. Ó ní, "Bàbá yẹn ti kú."

Ọmọkùnrin náà yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?"

Àbẹ̀kẹ́, ààbọ̀ àpò ìrẹsì tí Làmídì gbé wá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Kí ló pa á?"

Bàbá Ràímì ní, "Ìwé àkàjù."

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó kí wa kú ọ̀fọ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Bàbá Ràímì ta ọmọ ayò rẹ̀, ó jẹ mí, ó ní, "Mo gbà ọ́ là, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n lọ síwájú." Bí mo ṣe ń wò ó, ojú rẹ̀ yí padà di ojú ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní Tube.

Èkejì wá láti inú èyí. Kí o tó gba èsì gbọ́, béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fèsì bó bá sọ òótọ́. Ní Abẹ́òkúta, "a ò mọ̀ ọ́n" lè túmọ̀ sí pé a ò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, láti Ìdí-Ìrókò títí dé Tube, ọgbà tí wọ́n fi yí ènìyàn wọn ká ni. Fáìlì èyíkéyìí tó bá dé iwájú rẹ láti ìhà ibí pẹ̀lú irú èsì bẹ́ẹ̀, má tíì gé orí ẹni náà. Tún ènìyàn rán. Rán ìyá àgbà kan, tí kò ní fáìlì.

Ẹ̀kẹta: ṣọ́ra fún ẹni tí wọ́n tètè júwe ilé rẹ̀, kí o sì ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó tètè júwe.

Ẹ̀kẹrin ló nira jù fún mi láti kọ. Nínú kókó mẹ́wàá tí mo kà, mẹ́rin ni mo ti kọ sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Orí tábìlì mi ni mo ti kọ wọ́n, kí n tó wọ káàkí. Mo ti dá Dàre lẹ́bi tán, mo wá lọ wá ẹ̀rí lọ sí Tube. Bí mo bá tilẹ̀ wọ dàńṣíkí lọ, tí wọ́n sì fi orin gbà mí, màá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo wọn pọ̀ jù. Nítorí náà, kí o tó wádìí ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ jókòó wádìí ohun tí o ń fẹ́ kí ìwádìí náà sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọmọ mi, inú ẹni ló sì máa ń wà nígbà púpọ̀.

Mo ní ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ yọjú wò ó láti èjìká mi, ó ní, "Ẹ ti gba ọmọ náà nímọ̀ràn tó. Ẹ fún un ní nǹkan rẹ̀." Ohun kan péré ni màá fi kún un: nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn, n kò jókòó bi Dàre fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó wà nílé mi, ó ń fọ àwo.

N kò ní kí o má ṣe ìwádìí o. Ọmọ Ayétòrò wà láyé, Múfú náà sì wà. Ohun tí mo ń wí ni pé bí o bá ti ṣe ìwádìí tán, tí o sì rí i pé o ṣàṣìṣe, sáré padà lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìlú kì í pẹ́ tán. Ẹ̀rín tí mo sá fún yìí ìbá ti tán láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn.

Mo rí Dàre ní oṣù tó kọjá. Ó wá ra ìwé ní Ìlaròó fún ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni báyìí, ní Tube níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, bíi ti àkọ́kọ́. Ó ní, "Màmá ní kí n máa kí yín bí mo bá rí yín. Wọ́n ní ṣé ẹ ṣì ní káàkí náà." Kò dárúkọ rẹ. Mo la ẹnu láti bi í bóyá ó níyàwó nílé. Mo rántí bírò, mo rántí ìwé àkọsílẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Nítorí náà n kò mọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n kò ṣe ìwádìí. Bí ó bá wù ọ́ láti mọ̀, ojú ọ̀nà Tube ṣì wà, o sì mọ aṣọ tí kò yẹ kí o wọ̀.

Nǹkan méjì ni mo fi sínú àpò ìwé yìí. Àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ tí o fi ránṣẹ́. Mo ti kọ orúkọ mi sí i, mo ti lẹ fọ́tò mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí i pé òkú náà jí. Gbogbo ìbéèrè ni mo dáhùn àfi èyí tó wà nísàlẹ̀: "Ṣé ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni onígbọ̀wọ́ yìí?" Mo gbé bírò lé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e kúrò. Ìwọ ni olórí olùwádìí. Ka èkejì kí o tó dáhùn rẹ̀, bí ìdáhùn náà bá sì jẹ́ rárá, n kò ní bá ọ jà. Kọ ọ́ síbẹ̀.

Èkejì ni lẹ́tà Dàre. N kò ṣí i. Àmì epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi ni. Èyí tó kù, tìrẹ ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Gbà á, ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó wà láàyè, ohun yòówù kí Bàbá Ràímì wí.